Ìwé-Ẹ̀rí Ojú Mímọ́

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, bóyá àwọn tí yóò kí i ní "ẹ pẹ̀lẹ́" ti pé. Ọ̀gá Àgbà ni ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwà àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n oyè yẹn kéré lójú rẹ̀. Ó fi "Olùṣọ́" kún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó fi "Atọ́nà" kún un. Nígbà tí yóò fi lo ọdún kan lórí àga, pátákó oyè rẹ̀ kò gba ẹnu ilẹ̀kùn mọ́. Ara ògiri ni wọ́n kàn án mọ́, ó sì gba igun ilé yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka oyè ọ̀gá parí ní láti rìn díẹ̀. Nítorí náà, Olùṣọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kí ẹsẹ̀ lè sinmi.

Ó ní akọ̀wé kan, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó jókòó sí yàrá kékeré tó ṣáájú tirẹ̀. Akọ̀wé yìí ń tẹ lẹ́tà, ó ń lu òǹtẹ̀, ó sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Ó tún ní igbákejì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bí Olùṣọ́ bá ní òjò ń rọ̀, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ṣí agboòrùn nínú ilé.

Ọjọ́ Ajé kan ni Olùṣọ́ kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ọ̀dọ́ ń wo fíìmù ìhòhò lórí fóònù, àti pé ó ń ba ọ̀nà tí wọ́n fi ń fẹ́ràn ara wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ẹni tó bá ní ọmọ nílé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin á wo ohun tí wọ́n ṣe nítorí owó, á rò pé bí ìfẹ́ ṣe ń rí nìyẹn. Ọmọbìnrin á wò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò nínú dígí bí ẹni tó ra ọjà tí kò pé. Òbí tó gbọ́n á pe ọmọ rẹ̀ jókòó, á bá a sọ ọ́. Àmọ́ bíbá ọmọ sọ̀rọ̀ kò ní ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gé, oníròyìn kì í sì í wá ya fọ́tò rẹ̀. Olùṣọ́ pe ìpàdé.

"Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ké. "Èmi ní ojú lẹ̀ṣẹ̀ wà! Láti òní lọ, kò sí ẹni tí yóò gba ìwé ìgbéyàwó ní ìlú yìí àyàfi ẹni tó bá ní Ìwé-Ẹ̀rí Ojú Mímọ́. Èmi ni màá sì máa fi fún un!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ojú wọn á mọ́ kedere, sà!"

"Ẹni tó bá ti wo fíìmù ìhòhò rí, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ pé ó ṣèèṣì ni, ì báà jẹ́ pé ó ní ìdí, ojú rẹ̀ ti dọ̀tí nìyẹn. Kò sí àwáwí!"

"Kò sí àwáwí, sà! Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí àwáwí!"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà kò gùn. Ìbéèrè kìíní: ṣé o ti wò ó rí? Ìkejì: bí o bá ti wò ó, ẹ̀ẹ̀melòó? Ìkẹta: kí ni ó yí padà nínú bí o ṣe ń bá ẹni tí o fẹ́ràn gbé? Ìkẹrin: kí ẹnìkejì rẹ fọwọ́ sí i pé òótọ́ lo kọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé ogójì ló ti kọ fọ́ọ̀mù. Gbogbo wọn, láìku ẹnì kan, ló kọ "Rárá." Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí fóònù rẹ̀ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bí ó ṣe ń kọ tirẹ̀. Ó fi ikọ́ bo ariwo náà mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé, ó gba ìwé-ẹ̀rí, ó lọ.

"Ẹ wò ó!" ni Olùṣọ́ wí, ó wú bíi búrẹ́dì inú ààrò. "Ọ̀sẹ̀ kan péré! Mo ti fọ gbogbo ìlú mọ́!"

Akọ̀wé náà kọ tirẹ̀. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, òun àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì kan borí, wọ́n jọ dojú kọ fóònù kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó kọ "Rárá." Àyè ìfọwọ́sí ẹnìkejì ló fi sílẹ̀ kó ṣófo. Níbi tí gbogbo ayé ti ń purọ́, ta ni yóò dá dúró máa sọ òótọ́ bí wèrè?

Wèrè náà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ilẹ̀kùn ló ń ṣe, èérún igi sì wà ní orí rẹ̀. Òun ni àfẹ́sọ́nà Akọ̀wé, ìgbéyàwó wọn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀wé pẹ́ títí, ó nà án sí Akọ̀wé, ó ní, "Kà á nígbà tí o bá dá wà," ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé kò lè dúró. Ó kà á lójú ẹsẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mi ò ka iye rẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé mo rò pé kì í rẹ obìnrin, inú kì í bí i, kì í sì í sọ pé òun kò fẹ́. Nígbà tí mo pàdé àfẹ́sọ́nà mi, ohun tí mo ti wò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Kò bá a mu, mo sì rò pé òun ni kò pé. Mo sọ ọ̀rọ̀ tó dùn ún. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti fi fíìmù wíwò náà sílẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi gan-an ni mò ń kọ́ báyìí, mi ò sì tíì kọ́ ọ tán."

Akọ̀wé rántí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọkùnrin yìí ti sọ fún un rí pé ó tutù bí omi inú àmù. Akọ̀wé ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sunkún, ó ti fi ra lọ́fíńdà mẹ́ta, ó sì ti fi wo ara rẹ̀ nínú dígí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Inú bí i débi pé kò dúró de ìgbà tí iṣẹ́ parí. Ó gbé báàgì, ó kọrí sí ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Ọdún kan gbáko!" ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ọdún kan ni mo fi ń wá ohun tó bàjẹ́ lára mi!"

"Mo mọ̀. Ojú ló tì mí."

"Ojú tì ọ́! Fọ́ọ̀mù ìjọba kò wá tì ọ́ lójú? Olùṣọ́ lo lọ finú hàn, èmi tí o fẹ́ fẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan!"

"Ta ní ń ka fọ́ọ̀mù fún Olùṣọ́?" gbẹ́nàgbẹ́nà bi í. "Ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Mi ò mọ bí màá ṣe fẹnu sọ ọ́."

 Akọ̀wé jókòó sórí pákó kan. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Gba fọ́ọ̀mù tuntun, kọ 'Rárá.' Ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Ṣé 'Rárá' ni ìwọ kọ?"

"'Rárá' ni gbogbo ayé kọ."

"Ṣùgbọ́n tìrẹ jẹ́ òótọ́. Tèmi kò lè jẹ́ òótọ́." Ó fi ọwọ́ gbọn èérún igi kúrò lórí. "Wò ó, ilẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ bá ti wọ́, bí o kùn ún ní ọ̀dà ẹ̀ẹ̀méje, kò ní pa dé. Mi ò fẹ́ kí a fi irọ́ wọlé."

Akọ̀wé la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó ní òun ń lọ, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òǹtẹ̀ pupa tí kò tíì kan ìwé kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ṣe kan fọ́ọ̀mù gbẹ́nàgbẹ́nà: OJÚ DỌ̀TÍ. Ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gan-an ló lù ú. Ìgbéyàwó di ohun tí kò lè wáyé mọ́.

Ẹ̀yin á rò pé inú Olùṣọ́ á bàjẹ́. Rárá o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Kí ni olùṣọ́ fẹ́ ṣọ́ níbi tí kò sí olè? Ó ní kí wọ́n lẹ fọ́ọ̀mù náà mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu géètì, kí gbogbo ẹni tó ń wọlé lè kà á. Ó ní àsè ńlá yóò wáyé láàárín ọjọ́ méjìlá. Kọmíṣọ́nnà yóò wà níbẹ̀. Òun Olùṣọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, yóò gba ìwé-ẹ̀rí àkànṣe níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú ẹlẹ́ṣẹ̀ gun orí pèpéle láti bá a wí.

"Ìbáwí náà á tó wákàtí kan," ó wí fún Akọ̀wé. "Kọ ọ́ sínú ètò. Fi omi mímu sí ẹ̀gbẹ́ mi."

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ ńkọ́, sà? Ṣé á mu omi?"

"Ojú ni kó fi mu ún."

"Ẹ gbọ́n ju ìwé lọ, sà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Ní gbogbo àkókò yìí, Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ wúwo kan lọ́rùn. Ó ní ẹni tó fẹ́ bá ọ̀tá jà gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀tá. Ó gba yàrá kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yàrá Ẹ̀rí. Wọ́n fi kọ́tìnì tó nípọn sí i, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá sí i, wọ́n gbé àga tó ń ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí i. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di ọ̀sán, Olùṣọ́ á wà níbẹ̀, á máa mọ ojú ọ̀tá.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wo díẹ̀ níbẹ̀, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà bẹ̀ ẹ́, "kí ẹrù náà má pa yín."

"Rárá! Èmi nìkan ni màá rù ú."

Ó wá ní ìwà kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: kó máa fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá gbé ọṣẹ ìfọwọ́ wá fún un pàápàá, á fọwọ́ sí ìwé kó tó gbà á. Ìfọwọ́sí rẹ̀ gbòòrò tó ìdajì ojú ìwé, ó ní ìrù, ó sì ní adé. Nítorí náà, ó pàṣẹ kí wọ́n gbé ìwé ńlá kan sí ẹnu Yàrá Ẹ̀rí, kí òun máa kọ ọjọ́, aago, àti orúkọ fíìmù, kí òun sì máa fọwọ́ sí i. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni Akọ̀wé ń gbé e sínú dúrọ́ọ̀.

Kò pẹ́ tí ìmọ̀ tuntun yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní ojú àwọn ọ̀dọ́ kò lágbára tó láti wò ó, gbogbo ohun tó rí pátá ló gbà gbọ́. Ó kun irun rẹ̀ dúdú. Ó ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ó jáde láti Yàrá Ẹ̀rí, òógùn bò ó, ó dúró níwájú Akọ̀wé.

"Ṣé o mọ àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà."

"O ò mọ̀ wọ́n! Àwọn ni ewu tó tóbi jù ní ìlú yìí! Kò sí ilé tí wọ́n wọ̀ tí wọ́n rántí páìpù náà mọ́!"

Ní ọjọ́ kejì, àṣẹ jáde: oníṣẹ́ páìpù kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé tí obìnrin bá wà. Ẹ wo ìlú náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Omi ń jò láti òkè ilé dé ìsàlẹ̀, ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún ń fi ife gbọ́n ilé ìdáná rẹ̀, oníṣẹ́ páìpù sì dúró síta pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Màámi, ẹ yí i sọ́tùn-ún! Ọ̀tún, mo ní! Ẹ má jẹ́ kí n wọlé o, wọ́n á mú mi!"

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọjọ́ àsè pé.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó ní ìjókòó iwájú nínú ẹ̀wù tó dáa jù tó ní, nítorí wọ́n ti fi ìwé pè é. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ọmọ tó ń dúró de abẹ́rẹ́. Akọ̀wé ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ìyàwó Olùṣọ́ ló wọlé bá a níbẹ̀. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Ọdún márùndínlógójì ló ti fi ń gba ọmọ, bàtà pẹlẹbẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ ló sì wọ̀ wá.

"Ọmọ mi," ó wí, "wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé ọkọ mi kò wò ó rí. Ó ń ṣe mí bíi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ìwé kan wà."

"Màámi, iṣẹ́ mi wà nínú ìwé yẹn."

"Mo mọ̀. Mi ò ní fipá gbà á."

 Agbẹ̀bí jókòó, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ti ń dùn ún láti àárọ̀. Akọ̀wé tún wo gbẹ́nàgbẹ́nà. Lẹ́yìn náà, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé ńlá náà, ó gbé e lé Agbẹ̀bí lọ́wọ́. Láàárọ̀ ló ti yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀ láìmọ ìdí, tàbí kí a sọ pé ó mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Lórí pèpéle, Olùṣọ́ ti gbóná.

"Bí wọ́n bá ní kí oòrùn wá gba ìwé-ẹ̀rí ìmọ́lẹ̀, ta ni yóò yẹ oòrùn wò?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké.

"Mo ti kọ fọ́ọ̀mù mi. Ìbéèrè kìíní: Rárá! Ó kù kí aya mi fọwọ́ sí i, kí ayé gbọ́!"

Agbẹ̀bí gun orí pèpéle. Ó gba máíkì. Ó wọ awò ojú.

"Ẹ kú ìjókòó. Mi ò fọwọ́ sí ohun tí mi ò tíì kà rí." Ó ṣí ìwé. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá sí aago méjìlá. Orúkọ fíìmù: Ìyàwó Ilé àti Oníṣẹ́ Páìpù. Ìfọwọ́sí ọkọ mi rèé, ẹ wo adé orí rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìyàwó Ilé àti Oníṣẹ́ Páìpù, apá kejì. Ọjọ́rú..." Ó gbé awò ojú sókè díẹ̀. "Ọjọ́rú, ó padà sí apá kìíní. Bóyá ó gbàgbé ibi tí páìpù ti ń jò."

 Ẹ̀rín bú sẹ́yìn gbọ̀ngàn bí ìgbà tí ògiri wó.

"Ẹ̀rí ni!" Olùṣọ́ ń kígbe. "Iṣẹ́ ìjọba ni! Mo ní ìdí!"

Kọmíṣọ́nnà fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀. "Kí ni òfin yín sọ nípa ẹni tó ní ìdí?"

Akọ̀wé jáde síwájú láti ẹnu ọ̀nà.  "Kò sí àwáwí, sà."

"Kò sí àwáwí, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbè é lẹ́yìn, nítorí ẹnu rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

"Ó ku ìbéèrè kẹta," Agbẹ̀bí wí. "Kí ni ó yí padà?"

"Má dáhùn!"

"Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní kí n máa pariwo. Mo bi í pé, kí ló ń jó?" Ó dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. "Ó ní kí n wọ bàtà gogoro gun orí bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mo ti dúró ti aboyún mẹ́ta láti àfẹ̀mọ́júmọ́! Ọgbọ̀n ọdún rèé. Kò bi mí lọ́jọ́ kan pé, ìwọ ńkọ́, kí ló wù ọ́? Tẹlifíṣọ̀n ló lọ bi."

Ẹ̀rín dúró lójijì. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn.

"Ọmọ kan jókòó níwájú yìí tí wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ géètì. Mo dúró kà á. Ọmọ yẹn sọ ohun tó wò, ó sọ ẹni tó fi ṣe léṣe, ó sì sọ ohun tó ń ṣe sí i. Bí gbogbo yín ṣe jókòó yìí, ọwọ́ mi ló gba ìdajì yín sáyé, mo mọ̀ yín. Ìwé rẹ̀ nìkan ni mo lè fọwọ́ sí."

Ó gbé máíkì lé orí tábìlì, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde padà sí ẹnu iṣẹ́. Aboyún kan ń dúró dè é.

Kí oòrùn tó wọ̀, lẹ́tà ti jáde. Wọ́n fagi lé òfin náà, wọ́n jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ páìpù wọlé, wọ́n sì gbé Olùṣọ́ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó lè fi oyè kún oyè rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" fún ẹlòmíràn. Ní ti ilé Olùṣọ́, a gbọ́ pé Agbẹ̀bí ní kó jókòó, ó sì ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. A gbọ́ pé kò tètè mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé yọ fọ́ọ̀mù gbẹ́nàgbẹ́nà kúrò lára pátákó, ó ká a, ó mú un lọ bá a. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì sí ohun tó tún dí i mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fá igi, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń súfèé.

"Dúró ná," Akọ̀wé wí. "Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ wo?"

"Èmi náà wò ó. Nílé ẹ̀kọ́, àwa márùn-ún, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan. Kí o tó mọ̀ mí rárá ni mo ti ń fi ara mi wé àwọn obìnrin yẹn nínú dígí. Ìwọ dá kún un, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo sì jẹ́ kí o rò pé ìwọ nìkan ni."

Súfèé dákẹ́. "Ọjọ́ méjìlá ni ìwé mi fi wà lára géètì. O ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Mò ń gba ibẹ̀ kọjá."

"Òǹtẹ̀ pupa yẹn ńkọ́? Ọwọ́ rẹ lo fi lù ú."

"Ọwọ́ mi ni."

Gbẹ́nàgbẹ́nà tún gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Ó fá igi lọ, ó fá igi bọ̀. Èérún ń jáde gùn-ún-gùn-ún, ó ń ká jọ sílẹ̀. Akọ̀wé dúró tì í, kò mọ bóyá kí òun lọ ni tàbí kí òun sunkún.

"Inú ń bí mi," gbẹ́nàgbẹ́nà wí nígbà tó yá, láì gbójú sókè. "Má lọ o. Jókòó síbẹ̀, kí n bínú tán."

Akọ̀wé gbọn èérún kúrò lórí pákó, ó jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ṣé o ti bínú tán?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ó dáa," Akọ̀wé wí, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ṣì wà níbí."